Apòògùn Tó Ń Rékọjá Òkun: Ta Ló Sanwó Ẹ̀kọ́, Ta Ló Ń Jèrè?

  

Àkòrí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ̀dún yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn apòògùn tí ilé ìwòsàn òkè òkun ń gbà síṣẹ́ kí wọ́n lè fi dí àlàfo òṣìṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbà sọ ọ́. Àwọn kan á ní olè ni Òyìnbó, ọmọ wa ni wọ́n ń kó lọ. Àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ lọmọ tó jápa. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ní bá ẹgbẹ́ kankan lọ nínú méjèèjì. Òwò ni ọ̀rọ̀ yìí, òwò tí ẹni tó dáwó jù lọ kò sí níbi tí wọ́n ti ń dúnàá-dúrà. Èyí tó wá yani lẹ́nu ni pé Nàìjíríà mọ bí a ṣe ń fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àdéhùn. Ó ti ń ṣe é láti ọdún 1987. A máa débẹ̀.

Iṣẹ́ tí ojú ò rí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kíka hóró oògùn sínú ọ̀rá ni iṣẹ́ apòògùn. Ó yẹ ká kọ́kọ́ tún èyí ṣe, torí ẹni tí kò mọ ohun tí apòògùn ń ṣe kò lè mọ ohun tó ń sọnù nígbà tí kò bá sí.

Ká sọ pé wọ́n gbé ìyá arúgbó kan wọ ilé ìwòsàn lálẹ́ àná ní ìlú kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé ọ̀rá oògùn rẹ̀ dání láti ilé. Ìlànà ibẹ̀ ni pé kí wákàtí 24 tó pé, ó yẹ kí ẹnì kan ti fi ohun tí aláìsàn ń lò nílé wé ohun tí dókítà kọ fún un ní wọ́ọ̀dù. Apòògùn dé láàárọ̀, ó tú ọ̀rá náà sórí tábìlì, ó sì rí methotrexate níbẹ̀. Oògùn oríkèé ríro ni, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń lò ó. Ó wo ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì: dókítà ọ̀dọ́ tó gba ìyá wọlé lóru ti kọ ọ́ sí ojoojúmọ́. Bí ìyá bá lò ó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ lè má lè ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́, kòkòrò àìsàn tí kò tó nǹkan yóò sì lè pa á. Apòògùn gbé fóònù: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ajé nìkan ni màmá ń lò ó nílé.” Ó parí. Kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un, ìyá gan-an kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Irú àṣìṣe yìí ti pa ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì rí, débi tí àjọ tó ń bójú tó ààbò aláìsàn níbẹ̀ nígbà náà fi kéde ìkìlọ̀ lórí oògùn yìí kan ṣoṣo ní 2004, tó tún pa dà sórí rẹ̀ ní 2006.

Nílé níhìn-ín, a kò ní láti fi ẹnu ròyìn ohun tí oògùn tí kò dára lè dá sílẹ̀. Ní ọdún 1990, ọmọdé tó lé ní 100 ló kú ní Ìbàdàn àti ní Jos, lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi tí diethylene glycol ti wọnú rẹ̀, èròjà olóró tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní 2008, èròjà yẹn kan náà tún wọ inú oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, ọmọ tó lé ní 80 sì tún lọ. Dora Akunyili ló wà nídìí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti oúnjẹ, nígbà yẹn, apòògùn sì ni. Àwọn àgbà tó wà ní ìjókòó yìí rántí ọdún méjèèjì. Àwọn kan nínú yín wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé nígbà náà.

Bí àlàfo ṣe dé sí Gẹ̀ẹ́sì

Ohun kan wà tí kì í jẹ yọ nínú ìwé ìròyìn: ìpinnu tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn yunifásítì wọn ṣe fúnra wọn wà lára ohun tó dá àìtó apòògùn sílẹ̀ níbẹ̀.

Títí di àárín àwọn ọdún 1990, ọdún mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ fi ń kọ́ ìmọ̀ oògùn. Láti 1997, wọ́n sọ ọ́ di ọdún mẹ́rin. Kò sí àléébù nínú ìyẹn, torí ìmọ̀ ń jinlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé ní 1997 kò jáde ní 2000, 2001 ló jáde. Nítorí náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó gboyè ní 2000, ọdún tó tẹ̀ lé e sì di ọdún tí apòògùn tuntun wọ́n bí ojú. Lásìkò kan náà, àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn ńláńlá ń ṣí ẹ̀ka kiri, wọ́n sì ń ṣí i pẹ́. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n wò. Wọ́n gba ọmọ Spéènì, nígbà tí Pólàndì sì wọ ẹgbẹ́ Yúróòpù ní 2004, wọ́n gba tiwọn náà. Ìwé ẹ̀rí ẹni tó bá ti Yúróòpù wá ń kọjá láìsí wàhálà, kò sí ìdánwò tuntun kankan.

Nígbà tó di 2016, wọ́n dìbò pé àwọn ń jáde kúrò ní Yúróòpù. Ìlẹ̀kùn tó gbòòrò yẹn kò ṣí gbayawu mọ́ láti ìparí 2020. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ìjọba tún ti gbé ètò mìíràn dé ní 2019, tó ń sanwó fún àwọn ilé dókítà àdúgbò kí wọ́n gba apòògùn sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Ètò tó dára ni, àwọn aláìsàn jèrè rẹ̀. Àmọ́ níbo ni wọ́n rò pé àwọn apòògùn náà yóò ti wá? Ilé ìwòsàn ńlá àti ṣọ́ọ̀bù oògùn ni wọ́n ti wá. Iṣẹ́ tí kò ní òru, tí kò ní òpin ọ̀sẹ̀, tí owó rẹ̀ sì dáa, ta ni kò ní gbà á? Wọ́n fa aṣọ bo ẹsẹ̀, orí sì wà níta.

Ní August 2020 ni físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀. Ní 2021, wọ́n fi orúkọ apòògùn sínú ìwé iṣẹ́ tí wọn kò rí ènìyàn tó láti ṣe. Láti ìgbà náà ni ojú àwọn ọ̀dọ́ apòògùn wa ti ń wo ọ̀nà ibẹ̀ gan-an.

Ọ̀nà tó gùn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sẹ́yìn, ẹ súnmọ́ ibí yìí, torí àwọn tó ń fi fọ́tò sínọ̀ ránṣẹ́ sí yín kì í sọ apá yìí.

Apòògùn tó ti Nàìjíríà lọ kì í sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú lónìí kó wọ wọ́ọ̀dù lọ́la. Wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò, ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà àjọ tó ń forúkọ apòògùn sílẹ̀ níbẹ̀, General Pharmaceutical Council. Yóò fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì; bó bá jẹ́ ìdánwò IELTS ló lò, 7 ni wọ́n ń béèrè nínú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni náà tilẹ̀ ti fi èdè yẹn kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi. Lẹ́yìn náà ló kan OSPAP, ẹ̀kọ́ ọdún kan tí wọ́n ń ṣe ní àwọn yunifásítì bíi Brighton, Aston àti Sunderland. Owó ilé ẹ̀kọ́ àlejò ló máa san, àpò ara rẹ̀ ló sì sábà máa ń ti yọ. Bí ọdún náà bá parí, yóò kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 52 lábẹ́ ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́. Ìgbà náà ni ìdánwò tó kù, tí wọ́n ń ṣe ní June àti November. Ìwé kìíní, ìṣirò 40 láàárín wákàtí méjì: mílígíráàmù mélòó fún ọmọ tó wọ̀n báyìí, ìkán omi mélòó ní ìṣẹ́jú kan fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìwé kejì, ìbéèrè 120 láàárín wákàtí méjì àbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n gbà kí ènìyàn gbìyànjú. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tán nìyẹn.

Ní ọdún tó ń kàwé, wákàtí 20 péré ni òfin físà gbà fún un láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti ń darí fámásì ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn lè bá ara rẹ̀ nílé ìtọ́jú arúgbó ní alẹ́ Sátidé, tó ń yí bàbá arúgbó lára dà lórí bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ ọlá ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín in. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ọdún méje kọ́ ọ fún.

Nítorí náà, kí ilé ìwòsàn Gẹ̀ẹ́sì tó jèrè ènìyàn kan láti Nàìjíríà, ó tó bí ọdún méjì. Oògùn tó ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀gá ilé ìwòsàn tó bá ní ó ń gba àlejò kó lè dí àlàfo oṣù yìí ń tan ara rẹ̀ ni.

Ohun tó kù sílé

Ta ló wá sanwó? Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìjọba kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Láti Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń fún ènìyàn ní dígírì nínú ìmọ̀ oògùn ní Nàìjíríà, títí dé Ìbàdàn, Èkó àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn, owó orí ọlọ́jà àti owó epo rọ̀bì ló gbé ìdí iṣẹ́ náà ró. Ọdún márùn-ún fún B.Pharm, mẹ́fà fún PharmD. Ọdún kan fún ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ọdún kan fún àgùnbánirọ̀. Àwọn òbí náà dá tiwọn sí i: ilé gbígbé, ìwé, àti ọdún tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ jẹ. Nínú gbogbo àwọn tó dá owó yìí, kò sí ẹni tó bá ilé ìwòsàn Gẹ̀ẹ́sì jókòó láti dúnàá-dúrà.

Síbẹ̀, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ fi ń lọ, kó lọ dúró níwájú fèrèsé fámásì ilé ìwòsàn ìjọba kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ìwé oògùn dé iwájú apòògùn, ó wò ó, ó kọ “O/S” sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kejì àti ìkẹta: kò sí nílẹ̀. Ó sọ iye èyí tó kù fún aláìsàn. Aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò. “Ẹ bá mi fún mi ní ti ọjọ́ méjì ná, ọmọ mi.” Gbogbo ohun tí apòògùn yìí kọ́ nípa kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀, kò sí àyè láti lò ó níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní June 2023, ilé iṣẹ́ GSK kéde ní August ọdún náà pé àwọn ń palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tó ní ikọ́ fée mọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀, torí ọ̀dọ̀ GSK ni Ventolin, oògùn ikọ́ náà, ti ń wá. Owó oògùn ga, owó oṣù kò sì bá a dọ́gba. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní 2018, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà lábẹ́ JOHESU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, tí apòògùn wà lára wọn, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní 40 ọjọ́ lórí owó oṣù àti ipò lẹ́nu iṣẹ́.

Kẹ́ ẹ sì má gbàgbé èyí: bí apòògùn kan bá fi ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, kì í sábà rọrùn fún ọ̀gá àgbà láti kàn fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó sábà máa ń ní àṣẹ tó gbọ́dọ̀ ti Àbújá wá. Nígbà tí àṣẹ bá fi máa dé, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà náà ti ń ka ìwé IELTS. Ibí yìí ni ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn Òyìnbó. Apòògùn wà nígboro tí kò ríṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn sì wà tí kò ní apòògùn tó.

Ohun tí ìwé àdéhùn sọ

Ní May 2010, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fẹnu kò lórí ìlànà nípa gbígba òṣìṣẹ́ ìlera láti ilẹ̀ mìíràn. Ní 2023, àjọ náà gbé orúkọ orílẹ̀-èdè 55 jáde tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó rárá. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Bẹ́nẹ̀ wà níbẹ̀. Tógò náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mú orúkọ wọ̀nyí, ó fi wọ́n sábẹ́ àmì pupa: ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ lọ polówó iṣẹ́ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ rán alágbàṣe lọ kó ènìyàn wá. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé, wọn kò ní lé e.

Òfin tó bo ojú kan tó sì la èkejì sílẹ̀ ni. Bí apòògùn bá ti sanwó OSPAP láti àpò ara rẹ̀, ta ni yóò sọ pé ẹnì kan ló pè é? Bẹ́ẹ̀ ni àlàfo ṣe ń dí ní òkè òkun láìsí ẹni tó jẹ gbèsè fún wa.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà nínú ìlànà yẹn kan náà tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè, títí kan èyí tó wà lábẹ́ àmì pupa, lè bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn, ìjọba sí ìjọba, kí wọ́n sì jọ gbà lórí bí ènìyàn yóò ṣe lọ. Kenya ṣe é ní 2021. Nepal ṣe é ní 2022. Wọn kò dá ìrìn àjò dúró, wọ́n ní kí wọ́n mọ ẹni tó ń lọ àti ohun tí ilé yóò gbà.

Bí a bá sì ní a kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ẹ̀, irọ́ ni. Ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà dá Technical Aid Corps sílẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí TAC. Dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti apòògùn ni wọ́n ń rán lọ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì. Ọdún méjì ni àdéhùn. Nàìjíríà ń san owó ìtọ́jú wọn, ilẹ̀ tó gbà wọ́n ń pèsè ilé. Jamaica wà lára ilẹ̀ tó jàǹfààní rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní April 2008, ìjọba Jamaica fagi lé owó tí aláìsàn ń san ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìlà fámásì gùn lójijì, apòògùn kò sì tó. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó lọ bá wọn dúró nídìí fèrèsé yẹn. Ẹnikẹ́ni kò pe ìyẹn ní olè, kò sì sẹ́ni tó pe àwọn tó lọ ní ọ̀dàlẹ̀. Ọjọ́ ìlọ wà nínú ìwé, ọjọ́ àbọ̀ wà nínú ìwé.

Ohun tó yẹ ká béèrè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gẹ̀ẹ́sì nílò apòògùn. Ìwé ètò òṣìṣẹ́ tí NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, gbé jáde ní June 2023 sọ ọ́ kedere. Nígbà náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kún àyè ìkẹ́kọ̀ọ́ apòògùn títí yóò fi tó bí 5,000 lọ́dún nígbà tó bá di 2031 sí 2032. Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ kí ìpín àwọn tí wọ́n ń gbà láti òkèèrè lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé àkókò tí wọ́n nílò wa jù lọ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ dúnàá-dúrà, kó tètè jókòó.

Kí ni a ó béèrè? Kí ilé ìwòsàn Gẹ̀ẹ́sì tó bá gba apòògùn láti Nàìjíríà san owó OSPAP rẹ̀. Kí ó dá iye kan pa dà sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ, yálà ní owó tàbí ní ẹ̀rọ àti olùkọ́. Kí àyè wà fún ọdún mélòó kan tí ẹni náà lè pa dà wá sí ipò rẹ̀ nílé láìpàdánù ìgbéga. Ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ oògùn wò láàárín wákàtí 24, ọrọ̀ ni fún ilé ìwòsàn tó bá pa dà sí. Àjò kò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n onílé gbọ́dọ̀ bá ilé níbi tó fi í sí.

Ní August 2024, mínísítà ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde ìlànà ìjọba lórí ìrìn àjò àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa irú àdéhùn báyìí àti nípa bí àwọn tó wà lókè òkun ṣe lè pa dà wá. Ó dára ju àbá òfin tó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 2023 lọ, èyí tó fẹ́ fi ọdún márùn-ún di dókítà mọ́lẹ̀ kó tó gba ìwé àṣẹ tó kún. A kì í fi ìdè dá òṣìṣẹ́ dúró. Ìjọba tún ní òun ti sọ àyè ìgbàwọlé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera di 64,000 láti 28,000. A gbóríyìn fún wọn. Àmọ́ bí wọn kò bá tú ìdè tó wà lórí gbígba ènìyàn síṣẹ́, kí apòògùn tó bá jáde rí fèrèsé tó máa dúró sí, àfikún yẹn yóò kàn jẹ́ àfikún èrò ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì físà ni.